Ìwọ̀fà Dove Fork

Lọ́dún tí dókítà ìkẹyìn kó ẹrù rẹ̀ kúrò,
wọ́n kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn,
àgbọ̀nrín sì sọ ìloro rẹ̀ di ibùsùn.
Láti Dove Fork, ní òkè Kẹntọ́kì,
dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn tó súnmọ́ wa jù,
wákàtí kan àti ààbọ̀ ni,
bí yìnyín kò bá sí lójú títì.
Yìnyín a sì máa wà.

Orpha Gilley, tí ọkọ rẹ̀ kú sínú mọ́tò
ní agbedeméjì ọ̀nà yẹn,
ló gbé agolo kọfí kan sórí káńtà ilé ìtajà,
ó lẹ bébà mọ́ ọn: OWÓ DÓKÍTÀ.
Wọ́n fi rẹ́rìn-ín.
Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju owó sí i:
awakùsà tó ṣẹ́kù ju ṣéńjì,
ìjọ tó wà nísàlẹ̀ odò ta kéèkì,
ìjọba ìpínlẹ̀ wá fi tirẹ̀ kún un.
Wọ́n pè é ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́.

Èmi Tressa, ọmọ Clell, ni wọ́n fún.
Ẹ̀bùn kẹ̀? Mo ka ìwé àdéhùn náà dé ìdí:
ọdún mẹ́rin ẹ̀kọ́, ọdún mẹ́rin ìsìn,
ẹni tó bá sá, kó dá a padà tòun tèlé.
Bàbá mi kọ́ ló fi mí dógò.
Èmi fúnra mi ni mo mú bírò,
tí mo tọwọ́ bọ̀wé,
tí mo di ìwọ̀fà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wọ ìlú ńlá lọ.
Ẹnìkan ń tún imú olówó ṣe,
ó ń fi àwòrán etíkun ránṣẹ́ sí mi.
Èmi ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́
yọ́ yìnyín lára ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi.

Lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó wá.
Lọ́jọ́ kejì, Hobart Sizemore mú ajá rẹ̀ wá,
ó ní ajá náà ń wúkọ́.
Mo gbé ẹ̀rọ sí ajá láyà: ó dá ṣáká.
Mo ní, "Ìwọ náà, bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì."
Ó wo ilẹ̀, ó wo ajá, ó bọ́ ọ.
Èédú ni mo gbọ́,
ọgbọ̀n ọdún èédú,
bí ẹni ń rọra tẹ ewé gbígbẹ nínú òkùnkùn.

Mo ń fi pẹ́ńsù ka oṣù sára ògiri ibi ìkóògùnsí.
N kò ní purọ́.
Àwọn alẹ́ kan wà tí mo ṣírò iye tí n ó san
bí mo bá sá lọ lóòrọ̀ ọjọ́ kejì.
Mo mọ iye náà dórí kọ́bọ̀.

Orpha kú ní ọdún kejì mi, ní oṣù kejì,
nígbà tí òjò dídì bo gbogbo ọ̀nà.
Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀.
Oògùn tó wà nínú báàgì mi kò tó nǹkan,
mo kàn jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ó lajú, ó wò mí, ó ní,
"O mà tètè dé."

Èlé nìkan ni iṣẹ́ ìwọ̀fà ń san.
Kó ro oko títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó,
ojú owó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Lánàá, lẹ́tà ìjọba dé:
ọdún mẹ́rin ti pé, a dúpẹ́, gbèsè ti tán.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró.
Mo ká a, mo jù ú sínú agolo kọfí
tó ti wá di ilé bírò lórí tábìlì mi.
N kò tíì mọ ohun tí n ó dá wọn lóhùn.
Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.
Hobart ni.
Ó ní ajá náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.